Àmàlà màmá ẹ̀gbẹ́ géètì ní Àgbárá, ìlà ti ń gùn padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní Àgbárá Ẹ́sítéètì, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tàbí tẹ́ ẹ bá ń gba ibẹ̀ lọ sí Lùsadà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà jẹun ní bùkà onípákó tó dojú kọ ibi táwọn tírélà máa ń tò sí. Kò ní síńbọ́ọ̀dù o. Àmàlà ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bù fún yín, èlùbọ́ iṣu gidi, ó dúdú, ó fẹ́lẹ́, kò ní kókó rárá, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń já ewédú, gbẹ̀gìrì ẹ̀ sì ki dáadáa. Àmàlà, ẹran méjì àti pọ̀nmọ́ kan, 1,800 ni mo san lọ́sẹ̀ tó kọjá, ebi ò pa mí títí mo fi parí iṣẹ́.

Láti 2019 ni mo ti ń jẹun lọ́dọ̀ màmá yìí, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye tó jẹ́, dọ́là fò sókè, apá àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra èròjà lókè òkun ò ká a mọ́, oṣù kẹjọ GSK, iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, kéde pé àwọn ń kó kúrò nílẹ̀ yìí, oṣù kejìlá P&G tó ń ṣe Ariel àti Pampers náà ní àwọn ò ní ṣe ọjà nílẹ̀ yìí mọ́, àwọn á kàn máa kó o wọlé ni. Lásìkò yẹn ìkòkò màmá ṣẹ́kù ẹyọ kan. Ẹ̀wà àti gàrí nìkan ni wọ́n ń tà, èèyàn á ra oúnjẹ á ní òun ò jẹ ẹran, ìwé gbèsè wọn wá nípọn. Èmi náà jókòó sílé oṣù mẹ́rin, màmá yìí ń bu oúnjẹ fún mi, wọn ò sì bi mí léèrè owó lọ́jọ́ kan.

Láti 2025 ni mo ti ń rí i pé nǹkan ń yí padà. Náírà ò já wálẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀ mọ́. Nestlé tó ní iléeṣẹ́ níbí, tó pàdánù ní 2023 àti 2024, ti padà ń jèrè. Láìnì kan tí wọ́n ti tì pa níbi iṣẹ́ wa ti ń ṣiṣẹ́, náìtì ṣíìfù ti dé padà, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán tí ṣíìfù ń pààrọ̀, ìlà á ti ọ̀dọ̀ màmá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Ìkòkò ti di mẹ́rin. Ṣàkì dé, bọ̀kọ́tọ̀ dé, àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ní kó máa lọ sílé ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kẹta tún kún un. Lọ́jọ́ tí màmá ṣí ìwé gbèsè yẹn hàn mí, tí mo rí i bí wọ́n ṣe fa igi lé orúkọ tèmi àti ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Kì í ṣe gbogbo wa la padà ṣá o. Ọ̀pọ̀ kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, tá a jọ ń jẹun níbẹ̀, iléeṣẹ́ ò tíì pè wọ́n padà, àwọn kan ti ń gun ọ̀kadà.

Èyí tó kù díẹ̀ káàtó, epo ẹ̀wà wọn pọ̀ jù, bẹ́ńṣì ò tó, tẹ́ ẹ bá sì san owó nípa tiránsífà ẹ máa dúró títí álátì á fi dé, ẹ kúkú mú káàṣì dání. Kẹ́ ẹ sì tètè dé kó tó di aago kan, bọ̀kọ́tọ̀ kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.