Deore XT M732: bíréèkì àtijọ́ tó ṣì ń dá kẹ̀kẹ́ mi dúró

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn: ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó bíréèkì mountain bike (kẹ̀kẹ́ orí òkè) àtijọ́ jọ, tí kò sì fẹ́ kí owó rẹ̀ wọgbó, Deore XT ti Shimano, ilé iṣẹ́ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Japan, tí wọ́n tẹ BR-M732 sí lẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ wá. Òun kọ́ ló fúyẹ́ jù. Òun kọ́ ló dára jù lójú. Ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè rí i rà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lónìí, kó fọ̀ ọ́, kó fi gírísì sí i, kó sì fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ilkley Moor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́la láìfòyà. Àwọn tó rẹwà jù ú lọ nínú èyí tí mo ní wà nínú àpótí. Òun ló wà lórí kẹ̀kẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì fojú kan irú rẹ̀: apá méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí bóòtù dè mọ́ èèkàn kékeré méjì tí wọ́n jó mọ́ fọ́ọ̀kì. Wáyà kúkúrú kan so orí apá méjèèjì pọ̀ lókè táyà. Wáyà gígùn tó ti ibi ọwọ́ bíréèkì wá á fa ti kúkúrú yẹn sókè láti àárín, rọ́bà méjèèjì á sì fún ríìmù pọ̀. Cantilever ni wọ́n ń pè é. Shimano kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní California, ń to kẹ̀kẹ́ orí òkè àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1970, cantilever Mafac láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń rá mọ́ ọn, tí wọ́n á sì fi ọwọ́ bíréèkì alùpùpù fà á. Shimano gbé Deore XT àkọ́kọ́ jáde ní 1982, èyí tí wọ́n tẹ orí àgbọ̀nrín sí lára. Ó wu èmi náà, àmọ́ owó rẹ̀ ti di ti àwọn tó ń gbé nǹkan sínú gíláàsì wò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojúlówó, ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yìn apá ni kí ẹ bi. Ẹ yọ apá kan kúrò lórí èèkàn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa rí nọ́ńbà BR-M732, ẹ sì máa rí lẹ́tà kéékèèké méjì tó dá dúró. Àwọn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ọdún: A ni 1976, B ni 1977, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé Z, tí í ṣe 2001. Ìkejì ni oṣù: A ni oṣù kìíní, L ni oṣù kejìlá. OG ló wà lẹ́yìn apá iwájú tèmi, ìyẹn oṣù keje ọdún 1990. Ti ẹ̀yìn jẹ́ OF, oṣù kan ṣáájú. Bí lẹ́tà apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sún mọ́ra báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ wà láti ilé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ N tí èkejì jẹ́ P, ẹnì kan ló ṣà wọ́n jọ. Kò ní kó má ṣeé gùn, àmọ́ kí owó wálẹ̀. Ẹni tó bá sì rí A lára XT kó má pariwo pé ti 1976 lòun rí. XT ò tíì sí nígbà yẹn, ńṣe ni Shimano tún bẹ̀rẹ̀ láti A ní 2002.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ ni àwọn bíréèkì aláwọ̀ mèremère tí ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Amẹ́ríkà ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990: Grafton, Avid, Paul, àtàwọn mìíràn. (Paul, tó wà ní Chico ní California, ṣì ń ṣe cantilever títí dòní.) Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni wọ́n fi ń gé e láti ara àlúmíníọ́mù gbàǹgbà, wọ́n á gé gbogbo ẹran tí kò bá ṣiṣẹ́ dànù, wọ́n á wá pa á láró: elése àlùkò, búlúù, pupa, wúrà. Shimano ní tiwọn, rírọ ni wọ́n ń rọ apá bíréèkì. Ọwọ́ yóò sọ ìyàtọ̀ fún yín. Ara èyí tí ẹ̀rọ gé ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí èékánná lè mọ̀. Ara èyí tí wọ́n rọ máa ń jọ̀lọ̀, igun rẹ̀ kì í mú.

Àwọ̀ àlùkò yẹn kì í bá oòrùn ṣọ̀rẹ́. Bó bá pẹ́ níta, á ṣí, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé apá àlùkò tó ń dán gbinrin wá fún yín, tó ní ogbó ni, ẹ tú bóòtù tó di rọ́bà mú, ẹ wo abẹ́ wọ́ṣà. Oòrùn kì í débẹ̀. Bí àwọ̀ abẹ́ wọ́ṣà bá dúdú ju ti ìta lọ, ojúlówó àtijọ́ ni. Bí inú àti ìta bá rí bákan náà, yálà kò kúrò nínú páálí rí, tàbí wọ́n ti pa á láró tuntun. Ẹ wá wo orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ẹni tó fẹ́ tún un pa láró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kẹ́míkà bó ti tẹ́lẹ̀, kẹ́míkà yẹn á sì jẹ etí lẹ́tà, kò ní mú mọ́.

Ìfúyẹ́ ńkọ́? Bí a bá gé irin, titanium àti àlúmíníọ́mù ní ìwọ̀n kan náà, tí ti irin bá wọn gíráàmù 7.8, ti titanium á wọn 4.5, ti àlúmíníọ́mù á wọn 2.7. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkójọ fi ń forí ṣe fọrùn ṣe nítorí bóòtù titanium. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ lára bíréèkì, apá tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù máa ń tẹ̀. Mo ní ìkan tí mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀: bí mo bá fún ọwọ́ rẹ̀ gidi, mo máa ń fi ojú mi rí i tí apá náà ń tẹ̀ síwájú, agbára tó yẹ kó lọ sí ríìmù á ṣòfò sí títẹ̀. Ó dùn ún wò lórí tábìlì.

M732 kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tò ó dáadáa. Títò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àkọ́kọ́, rọ́bà tó bá bá a wá láti ilé, ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, á ti le bí ìwo màlúù, ariwo nìkan ló kù tó lè ṣe. Kool-Stop aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n ń ṣe ní Oregon, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń dán láìní ìlà nọ́ọ̀tì, nítorí èyí tó ní ìlà, V-brake, irú bíréèkì tó dé lẹ́yìn cantilever, ló ni ín. Nígbà tí ẹ bá ń dì í, ẹ fi ọwọ́ kan tẹ rọ́bà mọ́ ríìmù, Allen key á di orí bóòtù mú lápá kan, sípáná 10 á máa yí nọ́ọ̀tì lódì kejì. Rọ́bà á fẹ́ bá nọ́ọ̀tì yí lọ. Ẹ dá a padà, ẹ tún un dì. Iwájú rọ́bà ni kó kọ́kọ́ kan ríìmù, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bíi mílímítà kan jìnnà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ké bí ẹ bá ti fún un. Iṣẹ́ yìí gba ọwọ́ mẹ́ta, méjì sì ni Ọlọ́run fún wa.

Lẹ́yìn náà ló kan wáyà kúkúrú. Bí ibi tí wáyà gígùn ti gbá a mú bá sún mọ́ táyà, agbára á pọ̀, àmọ́ ọwọ́ bíréèkì á rọ̀, á fẹ́ wọlé dé ibi tí ẹ di kẹ̀kẹ́ mú. Bí ó bá ga, ọwọ́ á le dáadáa, agbára á sì dín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bú cantilever pé kì í dúró, ibi gíga ni wọ́n fi wáyà náà sí. Èmi sọ tèmi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìka méjì fi tó láti dá mi dúró níbi tí òkúta ti tutù. Nínú òjò, kò lè bá bíréèkì onídíìsì du ipò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí wáyà gígùn bá já, wáyà kúkúrú yẹn lè já bọ́ sórí táyà oníkókó, kó kọ́ ọ, kó sì dá táyà iwájú dúró lójijì. Ẹ jẹ́ kí irin kékeré tó ń gbé gíláàsì iwájú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà (reflector) wà lórí fọ́ọ̀kì. Òun ni yóò gbà á.

Àwọn ìyókù ìgbà yẹn? U-brake tí wọ́n ń fi sí abẹ́ férémù lẹ́yìn láàárín àwọn ọdún 1980 máa ń kó ẹrẹ̀ jẹ, ó sì wúwo. Roller-cam tí Charlie Cunningham, oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, ṣe, tí ilé iṣẹ́ SunTour wá ń rọ, jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n: irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta kan ló ń wọ àárín rólà méjì láti ṣí orí apá. Àmọ́ èèkàn àwọn méjèèjì ga ju ti cantilever lọ, wọn kò lè gba ipò ara wọn, ẹ wo férémù yín kí ẹ tó sanwó. V-brake tó dé ní 1996 ń fẹ́ kí ọwọ́ fa wáyà tó bí ìlọ́po méjì ti cantilever. Ẹ má ṣe po ọwọ́ tọ̀hún mọ́ apá tibí.

Iye tí mo ra tèmi ní car boot (ọjà àlòkù tí wọ́n ń tà láti ẹ̀yìn ọkọ̀) kan ní Leeds kò ju £35 lọ, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹnì kan ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, apá mẹ́rin tó mọ́ tónítóní, láìsí sípíríìngì kankan nínú. Ẹ béèrè fún fọ́tò sípíríìngì, wọ́ṣà àti ìdérí wọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Sípíríìngì ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, ibi tí ọ̀kan ń yí sí kọ́ ni èkejì ń yí sí, èyí tí ẹ bá rí lọ́tọ̀ sì lè má bá tiyín mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn náà, ẹ máa wo ẹ̀yìn apá bíréèkì kí mẹkáníìkì tó bá yín yọ ọ́ láti fi tuntun sí i. Bí ẹ bá rí M732 níbẹ̀, rọ́bà àti wáyà nìkan ni kó pààrọ̀.