Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà àti àyà Màmá Olóbì: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ògbufọ̀ ìṣègùn tí mo lọ ní Adó-Èkìtì

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti pinnu pé n óò bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo tilẹ̀ ti kọ ìlà àkọ́kọ́ sínú fóònù mi lábẹ́ tábìlì, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀kẹta: "Ẹ má kó owó yín dà sómi." Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin ló da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú. N kò pa ìlà yẹn rẹ́ ṣá o.

Iṣẹ́ òru niṣẹ́ mi. Àwọn ìyá àti bàbá àgbà tí ọmọ wọn mú lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọn ò gbọ́ òyìnbó, ni wọ́n máa ń so mọ́ mi lórí fóònù: dókítà ń sọ tirẹ̀, ìyá ń sọ tirẹ̀, èmi wà láàárín. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó wa. Àjọ méjì gbòógì ló ń fún ògbufọ̀ ìṣègùn níwèé ẹ̀rí lọ́hùn-ún, CCHI àti NBCMI. Kò sí èyí tó ní ìdánwò àfẹnusọ fún èdè Yorùbá nínú wọn, àmọ́ àwọn méjèèjì ló ń béèrè pé kí èèyàn ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, ó kéré tán, kó tó wá sọ́dọ̀ wọn. Ìwé ìpolówó tí mo rí ní Òkèṣà kọ ọ́ gàdàgbà: wákàtí 40, ọjọ́ márùn-ún, ₦45,000. Nítorí 40 yẹn ni mo ṣe lọ, n kò ní purọ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n pè wá. Aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé, àgádágodo ló kí mi káàbọ̀. Aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú kí Àǹtí tó ń gba owó tó yọ, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kan, mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ kejì. "Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin èèyàn mi." Mo fi hàn án pé mo ti san owó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wo fóònù mi, ó wo ojú mi, ó ní àlááàtì ò wọlé, kí n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n lé jáde nítorí owó ilé-ìwé, àwọn tó dé lẹ́yìn mi ń kọjá lára mi wọlé. Ó tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì kó tó pè mí. "Sà, ó ti wọlé. Àmọ́ ẹ máa san ẹgbẹ̀rún méjì fún fáìlì." Mo ní a ò jọ sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ lásán lẹ fẹ́ fi kàwé ni?" Mo san án. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bírò kan tí kò yọ yíǹkì ló wà nínú fáìlì náà, àti ìwé ọ̀rọ̀ ìṣègùn olójú-ewé 14. Ta ló kọ ọ́? Wọ́n fi rọpárọsẹ̀ pe àrùn tó ń sọ ọmọdé darọ, wọ́n tún fi pe èyí tó ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ. Èwo ni kí n wá sọ fún dókítà? Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí kò ju kókó ẹnu ìdí lọ. Ẹ lọ bi àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ní Ọjà Ọba: ìdí yíyọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ̀yìn ríro, kí ọkùnrin má lè ṣe ojúṣe mọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo rẹ̀, ohun dídùn tí èèyàn ń jẹ ló sì fà á. Ẹni tó bá fi ìwé yẹn ṣiṣẹ́ lóru, kí Ọlọ́run kó aláìsàn rẹ̀ yọ.

Olùkọ́ wa ti Èkó wá. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì mọṣẹ́. Ó ní bí aláìsàn bá wí pé "orí ń fọ́ mi", kí ògbufọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé orí tirẹ̀ ló ń fọ́, kó má wí pé "ó ní orí ń fọ́ òun", kí dókítà lè máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kó má di pé ògbufọ̀ ló ń bá sọ ọ́. Ẹ̀mí mi fò. Fún ọdún méjì gbáko ni mo ti ń túmọ̀ "wọ́n ní inú ń run wọ́n" nítorí ọ̀wọ̀. Ta ló mọ iye dókítà tó ti rò pé èèyàn mẹ́ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ́ wa pé bí ọ̀rọ̀ kò bá yé wa, ká pe ara wa ní ògbufọ̀, ká béèrè, ká sì sọ fún ẹnì kejì ohun tí a ń béèrè kó má baà dà bíi pé a ń sọ tiẹ̀ lẹ́yìn. "Ògbufọ̀ fẹ́ bi ìyá, níbo gan-an lára ẹsẹ̀?" Nítorí láti itan dé ọmọ ìka ni ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, òyìnbó sì ti pín in sí méjì.

Ìtàn kan wà tó sọ lọ́jọ́ kìíní, tó tún sọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbé ọmọ ọdún 18 kan, Willie Ramirez, dé ilé ìwòsàn ní Florida lọ́dún 1980. Àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ará Kúbà, ní ó "intoxicado": lẹ́nu tiwọn, nǹkan tó jẹ tàbí tó mu ni kò bá a lára mu. Àwọn dókítà gbọ́ ọ sí òògùn olóró. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà sínú ọpọlọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ rọ títí láé, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, owó tí wọ́n fi parí ẹjọ́ sì tó bíi mílíọ̀nù 71 dọ́là. Mo yán. Mo ní ṣebí èdè Sípéènì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, olùkọ́ ní ká ṣe bí eré. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, di dókítà. Wọ́n ní kí èmi ṣe ògbufọ̀, torí mo ti ń fẹnu fọ́nnu láti àárọ̀. Aláìsàn ló kù. Àǹtí bọ́ síta, ó mú Màmá tó ń ta obì lẹ́bàá géètì wọlé. "Màmá, ẹ ṣáà sọ ohun tó ń ṣe yín." Màmá ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Ó jókòó, ó gbé igbá obì rẹ̀ lé itan.

Nọ́ọ̀sì fi òyìnbó béèrè ohun tó gbé ìyá wá. Màmá ní òun ṣubú lẹ́yìn ulé níjẹta. Olùkọ́ gbé bírò sókè: "Kí ló ń jẹ́ ulé?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn pé, "Sà, ibi tí ẹ óò padà sí lálẹ́ nìyẹn." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, n kò tọrọ àforíjì.

Nọ́ọ̀sì ní kí ló gbé e ṣubú. Màmá fọwọ́ lé àyà. "Àyà mi ló ń já. Bó bá ti ń já báyìí, ojú mi á ṣú." Èmi kò tilẹ̀ mí. Mo fi òyìnbó sọ ọ́ kíá pé ẹ̀rù ló ń bà mí, tí ojú mi fi ṣú. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́, ó sì béèrè ohun tó ń ba ìyá lẹ́rù, bóyá ẹnìkan ń fìyà jẹ ẹ́ nílé. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màmá wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ta ni mo wí fún pé ẹ̀rù ń bà mí?"

Olùkọ́ kò jágbe. Ó kàn ní, "Ògbufọ̀, kí ni ìyá wí?" Mo tún un wí. Ó ní, "Já báwo?" Ìgbà yẹn ni àyà tèmi náà já. Ojú tì mí níwájú èèyàn méjìdínlógún, inú sì bí mi sí i, ó ń bi mí léèrè bí ẹni ń bi ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti gbé bírò sílẹ̀. Ó fi Yorùbá béèrè pé, "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ ṣubú?" Màmá ní ṣé òun á wá parọ́ fún dókítà ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé eré ni! Nọ́ọ̀sì yọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì rẹ̀: 194 lórí 112. Ó di ọrùn ọwọ́ Màmá mú, ó pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀, ó ní lílù ọkàn rẹ̀ kò ṣe déédéé. Ọkọ̀ olùkọ́ ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀kọ́ sì parí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àǹtí, Àǹtí ẹlẹ́gbẹ̀rún-méjì yìí kan náà, ló jókòó ti igbá obì lẹ́bàá géètì títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tà á, ó sì gbé owó náà délé fún àwọn ọmọ Màmá, láìyọ kọ́bọ̀.

N kò sùn dáadáa. Mo ń ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ "àyà mi ń já" lórí fóònù láàárín ọdún méjì.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ìpè kan wọlé lóru, ọ̀rọ̀ yẹn sì tún jáde. Ohun tí aláìsàn náà sọ, òfin iṣẹ́ wa kò jẹ́ kí n wí. Mo kàn lè sọ pé ògbufọ̀ béèrè.

Ẹ jẹ́ n padà sórí owó mi. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, wọ́n kọ wákàtí 40 sí i. Mo ti ń kọ àkókò sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, torí bẹ́ǹṣì yẹn: wákàtí 23 la ṣe. Mo bi Àǹtí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wákàtí tí ẹ fi ń ronú nílé ńkọ́?" Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kà á. Àwòrán òdòdó tó ń kí mi ẹ kú àárọ̀ ni wọ́n fi dáhùn. Olùkọ́ tó ń pariwo fún wa lójoojúmọ́ pé ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀, òun ló fọwọ́ sí ìwé náà. Ó wà nínú wọ́dúróòbù mi, n kò tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àbúrò mi obìnrin ti san tirẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. Èmi ni mo yá a ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Mo ní kó gbé omi àti bírò tirẹ̀ dání, kó sì bá mi wò bóyá Màmá ti padà sẹ́bàá géètì.