EPCOT ní Orlando: ibi tí mo ní kí àgbàlagbà kọ́kọ́ lọ

Ẹni tó bá rò pé ọmọdé nìkan ni Disney wà fún kò tíì dé EPCOT, ọgbà ìgbafẹ́ Disney tó ti wà ní Florida láti 1982. Ẹ wọ bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀: àwọn ilé tí wọ́n kọ́ bíi ti orílẹ̀-èdè 11 ló yí adágún ibẹ̀ ká, láti Mẹ́síkò dé Kánádà, yíyípo rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 2. Ẹ lè gbé oúnjẹ yín wọlé o! Ìgò àti ọtí ni wọn ò gbà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Living with the Land. Jẹ́jẹ́ ló ń gba àárín ilé ọ̀gbìn kọjá. Ẹ ó rí ewéko tí wọ́n so rọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ gbangba, omi ni wọ́n ń fọ́n sí i, kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan. Ẹja náà wà nínú táǹkì. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mi ò lè gbójú kúrò. Àárọ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, torí apá àwọn orílẹ̀-èdè kì í sábà ṣí kó tó di aago 11.

Lóṣù Keje sí Ìkẹjọ, ẹ má gbàgbé agbòjò.