Ráútà tó ń kú tó ń jí: ohun tí mo rí nídìí rẹ̀

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lo ráútà yìí, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, nílé. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́. Oṣù kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ dojú rú. Mo lè wà lẹ́nu ìpàdé orí fídíò kí gbogbo iná ara rẹ̀ kú fin-ín, kí wọ́n sì tún tàn padà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iná á wà níbẹ̀ o, àmọ́ ojú ìwé kan ò ní ṣí.

Ilé iṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Mo tẹ bọ́tìnnì reset mọ́lẹ̀ títí, gbogbo ètò inú rẹ̀ pa rẹ́, páásíwọọ̀dù náà lọ, kò sì yí nǹkan kan padà. Ẹ má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Wáyà ló là mí lójú: mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tààrà, nígbà tí wáìfáì ò ṣí nǹkan kan, ti wáyà ń lọ geere. Ojú afẹ́fẹ́ tí wáìfáì ń gbà kọjá gan-an ló há. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ìgbì rédíò tí wáìfáì ń lò, ṣánẹ́ẹ̀lì (ìyẹn àwọn ọ̀nà tí wọ́n pín ìgbì náà sí) 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í wọnú ara wọn. Ráútà fúnra rẹ̀ ti lọ mú 8, ó ń bá ti aládùúgbò jà. Mo gbé e sí 11. Mo tún gbé e kúrò nítòsí máíkírówéèfù, torí nǹkan bíi 2.45 GHz ni òun náà ń lò.

Ṣùgbọ́n iná ṣì ń kú, ìyẹn ló sì dùn mí jù, torí ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan ṣájà rẹ̀. Ó gbóná janjan. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: láìso ó mọ́ nǹkan, ó pé 12 V (fólítì, agbára tó ń ti iná), bí ráútà bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ń já sí 9 V. Wọ́n kọ 1 A péré (áḿpíà, ìwọ̀n iná tó lè gbé jáde) sára rẹ̀! Mo ra òmíràn tó jẹ́ 12 V, 2 A. V gbọ́dọ̀ bára mu, ẹnu rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu. Iye A lè ju èyí tí ráútà nílò lọ láìséwu.

Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, iná ò tíì kú lẹ́ẹ̀kan. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, torí ẹ̀rọ tó dára tó báyìí kò yẹ kó bá irú ṣájà yẹn jáde nínú páálí.