Àgbéyẹ̀wò preamp onítúbù 12AX7 tí à ń tò fúnra ẹni: ibi tí kíkùn rẹ̀ ti ń wá

Ohùn preamp yìí, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè kó tó dé ampilifáyà, dùn. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ẹni tó bá tò ó gẹ́lẹ́ bí ìwé inú páálí ṣe wí yóò gbọ́ kíkùn kó tó gbọ́ orin, yóò sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe ayédèrú. Túbù 12AX7 méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì, pẹ̀lú tiransifọ́mà tó ń gbé 230 fóòtì jáde fún iná ńlá (iná gíga tí túbù fi ń ṣiṣẹ́) àti 6.3 fóòtì fún hítà (wáyà inú túbù tó ń mú un gbóná). Rẹsísítọ̀ mélòó kan àti àlàyé nípa wáyà ni àwọn tó ń tà á fi ṣahun.

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fetí sí irú kíkùn tó jẹ́. 50 Hz ni iná NEPA. Ẹ ní kí onígìtá báàsì kan ta okùn tó nípọn jù ní ojú kẹta: G nìyẹn, 49 Hz. Bí kíkùn náà bá bá a dọ́gba, hítà, gíráǹdì tàbí tiransifọ́mà ló ń fà á. Bó bá bá okùn tó tín-ín-rín jù dọ́gba láìtẹ̀ ẹ́, 98 Hz, tó sì le létí bíi ti oyin inú agolo, iná ńlá ni kò mọ́, torí pé dáyódù mẹ́rin tó ń yí iná padà máa ń sọ 50 di 100. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ka kíkùn 50 Hz sí ọ̀ràn gidi nìyí: inú báàsì gan-an ló ń gbé, ohùn ìsàlẹ̀ orin jùjú kò ní já geere mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí fólúùmù. Bí kíkùn bá ń tẹ̀ lé e, kó tó dé fólúùmù ló ti wọlé. Bí kò bá yẹsẹ̀, lẹ́yìn fólúùmù ni. Ẹ jó àárín pọ́lọ́ọ̀gì RCA kan mọ́ etí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi dí ibi tí orin ń gbà wọlé. Bó bá dákẹ́, preamp kò jẹ̀bi. Okùn àti ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan irin fólúùmù tí kíkùn sì lọ sílẹ̀, irin náà kò ní gíráǹdì.

Ẹ ṣọ́ra fún iná ńlá o. Ó lé ní 300 fóòtì lórí kapásítọ̀ àkọ́kọ́, kò sì sí rẹsísítọ̀ kankan tó ń fa iná náà dànù. Bẹ́ ẹ bá yọ túbù kẹ́ ẹ tó pa á, iná yóò dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi mítà wò ó kọ́wọ́ tó kàn án.

Hítà ni olórí wàhálà. Orí 6.3 fóòtì yẹn kò ní àárín tó so mọ́ gíráǹdì, nítorí náà ó ń léfòó, ó sì ń da 50 Hz sínú túbù. Ẹ so rẹsísítọ̀ 100 Ω méjì, ìdajì wáàtì, láti etí méjèèjì hítà wá pàdé ara wọn. Ẹ má tíì so ibi ìpàdé náà mọ́ gíráǹdì. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 220 kΩ láti iná ńlá tó ti mọ́ (nǹkan bí 240 fóòtì) àti 47 kΩ sí gíráǹdì pín iná. Àárín wọn yóò jẹ́ bíi 42 fóòtì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, pẹ̀lú kapásítọ̀ 10 µF oní-100 fóòtì sí gíráǹdì. Fóòtì hítà ti wá ga ju ti káfódù (apá túbù tí hítà ń mú gbóná) lọ báyìí, kò sì ní lè tu iná sí i lára. Rẹsísítọ̀ 220 kΩ àti 47 kΩ yìí náà ni yóò máa fa iná ńlá dànù bẹ́ ẹ bá pa á: ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ lọ́ wáyà hítà méjèèjì pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun àpótí, jìnnà sí ẹsẹ̀ 2 àti 7 túbù, ibi tí orin ń gbà wọ inú rẹ̀.

Bí kíkùn bá ṣì kù, ẹ fi bátìrì 12 fóòtì dán an wò: ẹ yọ wáyà 6.3 kúrò, ẹ tú ẹsẹ̀ 4 àti 5 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ fún wọn ní bátìrì. Bó bá dákẹ́, ó yẹ kẹ́ ẹ fún hítà ní DC, iná tó dúró sójú kan bíi ti bátìrì. Tiransifọ́mà 15 fóòtì, dáyódù mẹ́rin, kapásítọ̀ 4700 µF, LM317 (ẹ̀yà kékeré tó ń mú fóòtì dúró sójú kan) pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 240 Ω àti 2.2 kΩ yóò fún yín ní nǹkan bí 12.7 fóòtì. Túbù méjèèjì yóò mu 300 mA, nítorí náà LM317 nílò irin tí yóò máa tú ooru rẹ̀ ká.

Fún 100 Hz, ẹ wo rẹsísítọ̀ 1 kΩ tí wọ́n fi sáàárín kapásítọ̀ 47 µF. Kò tó rárá: ìlọ́po 30 péré ló ń dín kíkùn kù. 10 kΩ ń dín in kù ní nǹkan bí ìlọ́po 300, kò sì ní jẹ ju 40 fóòtì lọ nígbà tí túbù méjèèjì ń mu 4 mA. Ẹ lo oní-3 wáàtì, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án.

Gíráǹdì: ojú kan ṣoṣo ni kí gbogbo rẹ̀ ti pàdé, nítòsí ẹnu ọ̀nà orin, kẹ́ ẹ sì fi rẹsísítọ̀ 10 Ω àti kapásítọ̀ 100 nF so ó mọ́ àpótí irin. Wáyà ẹ́ẹ̀tì láti pọ́lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ jó mọ́ àpótí náà tààrà. Ẹ má gé e láéláé kí kíkùn lè lọ. Ikú ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì ní wáyà kankan lẹ́yìn, ẹ ní kí oníná yẹ̀ ẹ́ wò.

Tiransifọ́mà inú páálí kò burú, àmọ́ ihò tí wọ́n lu fún un ti sún mọ́ túbù jù. Ẹ fi wáyà gígùn gbé e kúrò lójú kan, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí kíkùn yóò fi lọ sílẹ̀ jù, kẹ́ ẹ tó lu ihò tuntun.

Bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń kùn, ẹ pa á, ẹ fi túbù méjèèjì pààrọ̀ ara wọn. Bí kíkùn bá bá túbù lọ sí apá kejì, túbù yẹn ni kò dára. Ìgbà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ náwó lé túbù tuntun.