Okùn Tínrín fún Líìdì Gìtá: Iṣẹ́ Àtúnṣe tí Mo Gbà ní Adó-Èkìtì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta líìdì gìtá, èyí tí ń ṣáájú orin tí ó sì ń dá olórin lóhùn, fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní àdúgbò Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí ohùn kan ti ń dún létí mi tí ọwọ́ mi kò lè mú jáde. Ohùn náà ni ti James Burton, ọkùnrin tí ó ta líìdì gìtá fún Elvis Presley láti ọdún 1969 títí Elvis fi kú ní ọdún 1977. Èrò mi ni pé ìka mi ni kò tíì gbọ́n tó. Nígbà tí mo gbé gìtá mi lọ sí ilé àtúnṣe kan lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìyìn-Èkìtì ní oṣù Keje tí ó kọjá ni mo tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ okùn ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá ní agbègbè wa, nítorí pé ó tó ohun tí ènìyàn ń náwó lé lórí, bí ó tilẹ̀ ní àléébù tirẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Burton kò ní lóye ohun tí mo gbé lọ bá baba oníṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1939 ní Dubberly, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Shreveport ni ó ti dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré ni nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń bá àwọn olórin ṣiṣẹ́ lórí Louisiana Hayride, ètò orin tí ilé iṣẹ́ rédíò KWKH máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ láti Shreveport. Ní ọdún 1957 ni olórin Dale Hawkins gbé orin “Susie Q” jáde. Burton ni ó ta gìtá rẹ̀, òun náà ni ó dá ìró gìtá tí gbogbo ènìyàn fi ń mọ orin náà sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí a kọ sílẹ̀ pé àwọn ni wọ́n ni orin. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí pé a mọ irú rẹ̀ nílé níhìn-ín: orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni a máa ń rí gàdàgbà lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, ọwọ́ tí ó ta gìtá inú rẹ̀ á sì di àwátì.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí California, ó di onígìtá Ricky Nelson, ọ̀dọ́ olórin tí ó ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé nínú ilé ìdílé Nelson fún ìgbà kan. Orí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ rí i níbi tí ó dúró sí lẹ́yìn Ricky. Àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ okùn wọlé. Okùn gìtá tí wọ́n ń tà nígbà náà nípọn, okùn kẹta sì máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà wé lára, tí ìka kò lè fà kí ohùn rẹ̀ gòkè. Burton bọ́ àwọn okùn mẹ́rin tí ohùn wọn ga jù kúrò lára Telecaster rẹ̀, irú gìtá oníná kan tí ilé iṣẹ́ Fender ń ṣe, ó sì fi okùn bánjò, tí ó tínrín jù wọ́n lọ, rọ́pò wọn. Ó fi ike pẹlẹbẹ há àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ó tún fi èèkánná àtọwọ́dá bọ ìka àárín, kí ó lè máa fi ike ta okùn kan kí ó sì máa fi ìka já òmíràn gbà ní kíákíá.

Nígbà tí Elvis fẹ́ padà sórí ìtàgé ní ọdún 1969, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí sinimá ti gba gbogbo àkókò rẹ̀, Burton ni ó pè pé kí ó bá òun kó ẹgbẹ́ jọ. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní International Hotel ní Las Vegas: Jerry Scheff ni ó wà lórí gìtá báàsì, Ronnie Tutt wà nídìí ìlù, John Wilkinson sì mú gìtá rídíìmù, èyí tí ń gbé ìlù orin ró. Ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n wá ń pè ní TCB Band. Fún ọdún mẹ́jọ, títí kan òru tí wọ́n ti Hawaii ta àtagbà eré wọn láti ojú sátẹ́láìtì ní oṣù Kìíní ọdún 1973, Burton kò kúrò lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Elvis a máa pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó kan án láti ta tirẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni bí ó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí Elvis bá ń kọrin lọ́wọ́: ìparí gbólóhùn ni ó máa ń dúró dè, ibẹ̀ ni yóò ti wọlé bí elégbè tí ó mọ àyè tirẹ̀, yóò sì ti jáde kí gbólóhùn tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Elvis, ó bá olórin John Denver ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2001, Keith Richards, onígìtá ẹgbẹ́ Rolling Stones, ni ó mú un wọ Rock and Roll Hall of Fame, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì.

Gìtá tèmi jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ̀dà Telecaster tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ilé àtúnṣe tí mo gbé e lọ kò ní pátákó orúkọ. Yàrá kan ni nínú ulé baba náà, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pè é, òórùn gúlúù àti igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ni yóò sì kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Baba náà ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Àkúrẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí mo kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́, baba,” tí mo sì gbé gìtá kalẹ̀, kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Irú ohùn wo lo ń wá?” Mo fi orin Elvis kan láti orí fóònù mi gbọ́ ọ. Ó di ojú, ó ní kí n tún un gbé, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, “Okùn tìrẹ ló nípọn jù. Ẹni yìí ń fa tirẹ̀ bí ẹni ń fún ọṣán gángan.”

Ó bọ́ okùn tí mo ń lò, tí ìnípọn èkíní rẹ̀, èyí tí ó tínrín jù, jẹ́ 0.011 ínǹṣì tí ẹ̀kẹta rẹ̀ sì ní wáyà lára, ó sì fi èyí tí èkíní rẹ̀ jẹ́ 0.009 sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dúró sí, èmi náà ì bá ti ṣe é nílé. Ṣùgbọ́n agbára tí okùn tínrín fi ń fa ọrùn gìtá kò tó ti okùn nínípọn, ọrùn náà á sì sún sẹ́yìn, okùn á wá máa gbọ̀n jìì lára àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn. Baba náà dẹ ọ̀pá irin inú ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó ń yọjú wò ó láti orí dé ìdí bí ẹni ń wo ìtọ́ igi àjà. Ojú ihò tí okùn máa ń gbà kọjá lórí ọrùn ti fẹ̀ jù fún okùn tuntun, nítorí náà ó gbẹ́ òmíràn láti ara egungun màlúù. Ó sì sún àwọn irin kéékèèké ìdí gìtá, níbi tí okùn gbára lé, síwájú sẹ́yìn títí ohùn tí a tẹ̀ ní ojú irin kejìlá fi bá ti okùn tí a kò tẹ̀ mu. Mo jókòó tì í fún apá kan iṣẹ́ yìí, kò sì fi ohun tí mo bá béèrè pamọ́ fún mi.

Àyípadà tí ó bá gìtá náà kọjá bí mo ṣe rò. Nínú orin Yorùbá, gìtá tí ó bá fẹ́ gbe olórin gbọ́dọ̀ mọ ohùn ọ̀rọ̀, nítorí pé bí olórin bá pe “ìgbà” tí gìtá sì dá a lóhùn pé “igbá”, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, bí èyí tí ó wà nínú “ọ̀rẹ́”, kì í sì í fò lójijì. Ńṣe ni ó máa ń yọ́ gòkè. Pẹ̀lú okùn àtijọ́, fífò ni mo máa ń fò láti ojú irin kan sí òmíràn, ó sì máa ń dà bí ẹni tí ó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ahọ́n àjèjì. Nísinsìnyí mo lè tẹ okùn kẹta kí n sì fà á títí yóò fi yọ́ dé ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìjọsìn, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun gbọ́ ohun tí gìtá ń wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àléébù ibẹ̀ kò kéré. Ọjọ́ mẹ́ta ni baba náà dá fún mi, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò, kì í sì í gbé fóònù, nítorí náà ìgbà mẹ́ta ni mo fi ọ̀kadà lọ lásán. Nígbà tí mo gbé gìtá délé, okùn kẹfà ṣì ń gbọ̀n ní ojú irin karùn-ún. Mo dá a padà, ó sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 22,000 náírà, owó okùn sì jẹ́ 9,000. Okùn kìíní ti já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, nítorí náà ẹ ra mélòó kan sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ta rídíìmù pẹ̀lú ọwọ́ líle kò nílò iṣẹ́ yìí rárá, nítorí pé okùn tínrín kò ní fún un ní ìró kíkún tí ó ń fẹ́ nísàlẹ̀. Líìdì ni ó wà fún.

N óò gbé gìtá náà padà lọ bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé igi máa ń gbẹ, ọrùn rẹ̀ á sì tún yí padà. Baba náà ní kí n mú un wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ òun.