Oranjesluizen, Amsterdam: ẹ ka iná kí ẹ tó wọlé

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Láti 1872 ni ẹnubodè omi tó wà ní Schellingwoude yìí ti ń gba ọkọ̀ kọjá láàárín omi IJ àti adágún Markermeer: ọkọ̀ á wọ yàrá tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjì, wọ́n á mú omi ibẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti apá kejì, ọkọ̀ á sì jáde. Rijkswaterstaat, iléeṣẹ́ ìjọba Netherlands tó ń rí sí ọ̀nà omi, ló ń bójú tó o, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣí i, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í sì í san kọ́bọ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹrù ńlá ní yàrá tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti 1995, Prins Willem-Alexandersluis, tó gùn ní mítà 200, tó sì fẹ̀ ní mítà 24.

Iná rẹ̀ ló yẹ ká yìn jù. Pupa: ẹ dúró. Pupa méjì, ọ̀kan lókè èkejì: wọn ò ṣiṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ dúró. Pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé: wọ́n fẹ́ ṣí i. Àwọ̀ ewé nìkan: ẹ wọlé. Ìkẹta yìí ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Wọ́n á rí àwọ̀ ewé, wọ́n á sáré wọlé, nígbà tí àwọn tó wà nínú yàrá kò tíì jáde tán. Bí pupa bá ṣì ń tàn, èèwọ̀ ni. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tú okùn, kí ẹ ṣì dúró. Ẹni tó ń bọ̀ láti Markermeer ní ìrọ̀lẹ́, ojú oòrùn ló ń kọ sí, iná á sì ṣókùnkùn lójú rẹ̀. Ẹ ṣí rédíò VHF sí ìkànnì 18, kí ẹ má fọkàn sí ojú nìkan.

Nínú yàrá, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Markermeer fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju IJ lọ. Nígbà òtútù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àfi bí afẹ́fẹ́ bá ti omi. Nítorí náà ni àwọn kan kì í fi í ka okùn sí. Àṣìṣe ńlá nìyẹn! Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù tó wà níwájú ló ń ti omi sẹ́yìn nígbà tó bá ń jáde, ọkọ̀ kékeré tó ti tú okùn á sì yí gbirigbiri. Ẹ gbé fẹ́ńdà, ìyẹn tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ha ògiri, sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi okùn kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ẹ lọ́ ọ mọ́ òpó, kí ẹ di etí rẹ̀ mú. Ẹ má so ó.

Afárá Schellingwouderbrug tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ kí ìràwọ̀ kan dín. Kì í ṣí fún ọkọ̀ olópòó gíga ní àsìkò tí mọ́tò bá pọ̀ lójú pópó lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ sì lè jáde nínú ẹnubodè tán kí ẹ tún wá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yẹ àkókò rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò ní èbúté.